Ilẹ̀kùn Oníkọ́kọ́rọ́ Méjì

Ìyá Ẹlẹ́tù pòṣé, ó fà á gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akọrin fi yíjú wò ó. Láti òwúrọ̀ ló ti dúró lójú fèrèsé Kàtídírà, ohun tó sì ń rí kò dùn mọ́ ọn rárá. Nísàlẹ̀ òkè, létí afárá, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo àti ìwọ̀nba àwọn oníbọn tó kù fún ìlú ló ń dí ọ̀nà mọ́ odidi ogun. Lẹ́yìn rẹ̀ níbí, nínú ilé Ọlọ́run, àgbà àlùfáà méjì ń jiyàn lórí ẹni tí yóò gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé.

"Ẹ ò rí nǹkan!" ló wí sókè, kò sì bìkítà fún ẹni tó gbọ́. "Ọmọ mi ń bá ikú jìjàkadì nísàlẹ̀, àwọn yìí ń du àdúrà."

Ẹ̀tù ìbọn ló ń tà. Bàbá rẹ̀ tà á kó tó kú, ọkọ rẹ̀ tà á títí ẹ̀tù fi gbé e lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun náà sì bọ́ sí ìdí ọjà náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún àpá iná dé ìgbọ̀nwọ́. Àwọn àlùfáà kò jẹ́ kó jẹ Oúnjẹ Olúwa rí. Wọ́n ní òwò ikú ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ogun ti ká ìlú mọ́, abẹ́ àga akọrin ni wọ́n kó àgbá ẹ̀tù rẹ̀ sí, kò sì sí àlùfáà kan tó ní kó gbé òwò ikú rẹ̀ jáde. Wọ́n kàn ń rọra rìn nítòsí ibẹ̀ ni, wọ́n sì ń gbé abẹ́là jìnnà sí i.

Àrá ni gbogbo èèyàn ń pe ọmọ rẹ̀, nítorí bí ìbọn rẹ̀ ṣe ń dún. Lọ́jọ́ tó ń lọ sí afárá, ìyá rẹ̀ ló bá a di ẹ̀tù sínú àpò awọ. "Tó bá ti ku ẹ̀kúnwọ́ kan, má ṣe akọni kankan fún mi," ló sọ fún un. "Sá wá sílé Ọlọ́run níbí." Àrá rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún mi?"

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí gan-an ló wà ní ọkàn ìyá rẹ̀ bí ẹ̀gún láti òwúrọ̀. Kí ẹ tó lè mọ bí ìtìjú inú ọ̀rọ̀ náà ṣe pọ̀ tó, ẹ ní láti kọ́kọ́ gbọ́ bí dáyọ́sìsì ìlú náà, agbègbè tí Bíṣọ́ọ̀bù ń ṣàkóso, ṣe di ohun tó dà.

Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ gun ẹṣin wọ ìlú, ó pàgọ́ sórí òkè, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkúta ìpìlẹ̀ Kàtídírà. Èèyàn gidi nìyẹn. Ó ń fọ aṣọ ara rẹ̀, ó ń bá àwọn bírìkìlà jẹun lórí ilẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, ìjọ kan ni, àlùfáà kan, agogo kan. Bíṣọ́ọ̀bù kejì rí i pé èrò ti pọ̀, ó pín wọn sí páríìṣì páríìṣì, ó sì kó àwọn páríìṣì náà sí ẹkùn méjì: ẹkùn Òkè fún àwọn tó wà lórí òkè, ẹkùn Odò fún àwọn tó wà létí omi. Ó fi Ásídíkìnì kan ṣe olórí ẹkùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè máa bá a ṣe àbójútó. Àbójútó! Àtọjọ́ náà ni ará Òkè kò ti jẹ́ kí ará Odò bá wọn fi ewé ṣe ilé ìsìn lọ́ṣọ̀ọ́ mọ́.

Bíṣọ́ọ̀bù kẹta jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, ẹni tó bẹ̀rù ìjà ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ó rò pé òun ti rí oògùn rẹ̀. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ fi ojú kọ́kọ́rọ́ kejì sí ilẹ̀kùn ńlá tó wà níwájú Kàtídírà, ó fún Ásídíkìnì kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ kan, kí ọ̀kan má bàa lè ṣí i láìsí èkejì. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ dòfin, Sínọ́ọ̀dù, ìpàdé àpapọ̀ ìjọ, sì fọwọ́ sí i: nígbàkúùgbà tí àga Bíṣọ́ọ̀bù bá ṣófo, ẹni tó bá kọ́kọ́ ki kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ ilẹ̀kùn náà, tí ilẹ̀kùn sì ṣí, òun ni gbogbo dáyọ́sìsì yóò máa gbọ́ tirẹ̀ títí Bíṣọ́ọ̀bù tuntun yóò fi dé. Ó rò pé wọn yóò jókòó, wọn yóò fi ìfẹ́ yan ẹni tó máa ṣáájú. Kí Ọlọ́run forí jì í.

Bíṣọ́ọ̀bù kẹrin kú ní kété tí ogun bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn ńlá kò sì ṣí mọ́ láti ìgbà náà. Ásídíkìnì Òkè ní òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi jẹ àlùfáà. Ásídíkìnì Odò ní òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi jẹ Ásídíkìnì. Àwọn méjèèjì ló ti ṣe tán láti ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ ṣáájú. Kò sí ẹni tó ṣe tán láti ṣèkejì, nítorí ẹni tó bá ṣèkejì ti gbà pé ọmọ ẹ̀yìn ni òun. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà kékeré tó wà lẹ́yìn ni gbogbo ìjọ ń gbà. Ìyàwó ń gba ibẹ̀, òkú ń gba ibẹ̀, gbogbo wọn ń tẹrí ba kí wọ́n má bàa forí sọ àtẹ́rígbà.

Ẹ ti wá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró báyìí.

Ọ̀gágun ìlú pe ìgbìmọ̀ ogun sí yàrá tí àwọn àlùfáà ti ń múra. Olójú-Kan ni wọ́n ń pè é; ojú kejì ti bá ogun àtijọ́ kan lọ. Ó ní kí Ìyá Ẹlẹ́tù náà wá, nítorí òun ló ni ẹ̀tù. Yàrá náà há, ó ń rùn fún abẹ́là àti aṣọ tí kò rí oòrùn, àwòrán Bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń wò wọ́n láti ara ògiri. Olójú-Kan kò dúró de àdúrà kankan. Ó fi ọ̀pá abẹ́là ṣe afárá, ó fi ìgò wáìnì ìsìn ṣe Kàtídírà, ó sì fi ìka fa ìlà láàárín wọn.

"Ẹ wò ó dáadáa," ló wí. "Àwọn ọ̀tá ti gbé ìbọn ńlá sí pápá tó wà lẹ́yìn wa láti àná. Ẹni tó bá yọrí lẹ́nu ọ̀nà kékeré báyìí, òkú ni. Ẹ̀tù wà lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn tó ní ìbọn wà lọ́hùn-ún. A ò lè gbé ẹ̀tù lọ bá wọn. Àwọn ni kó wá bá wa. Tí ẹ̀tù ọwọ́ wọn bá ti ń tán lọ, wọ́n á ti iná bọ ilé oníbodè tó wà létí afárá. Tí a bá rí èéfín, wọ́n ti ń bọ̀ nìyẹn, títì gbọọrọ yìí ni wọ́n á gbà, tààrà sí ilẹ̀kùn ńlá. Kí ó wà ní ṣíṣí kí wọ́n tó dé. Tí wọ́n bá ti wọlé, tí a tì í padà, tí ìbọn wọn dé ojú fèrèsé, ògiri òkúta yìí á gbà wá títí ogun ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Tí wọn ò bá wọlé, àwọn ọ̀tá á pa wọ́n sórí àtẹ̀gùn wa, a ó máa gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà á wá kàn wá."

Ásídíkìnì Òkè ga, ó gbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun dé àyà. Ó fọwọ́ pa á. "Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, ọmọ mi. Èmi ti ṣe tán láti ki kọ́kọ́rọ́ mi bọ ilẹ̀kùn. Ẹ bi arákùnrin mi yìí bóyá ó ti ṣe tán láti tẹ̀lé mi."

"Kí n tẹ̀lé ta?" Ásídíkìnì Odò kúrú, ó sanra, ó sì máa ń wúkọ́ kó tó bínú. Ó wúkọ́. "Èmi náà ti ṣe tán. Kí ó kàn ní sùúrù kí n kọ́kọ́ ki tèmi."

"Ẹ̀yin bàbá wa," ni Olójú-Kan wí, ó sì rọra ń sọ ọ́ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, "ṣé ẹ ò lè jọ kì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀!" ni àwọn méjèèjì wí pa pọ̀. Ìyẹn nìkan lohun tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí láti ìgbà tí Bíṣọ́ọ̀bù ti kú.

Ásídíkìnì Odò tún wúkọ́. Ó ní ohun tó tọ́ ni pé kí wọ́n pe Sínọ́ọ̀dù, kí ilé àwọn àlùfáà jókòó lọ́tọ̀, kí ilé àwọn ọmọ ìjọ jókòó lọ́tọ̀, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ nínú gbogbo páríìṣì lọ́jọ́ Ìsinmi kó tó dọjọ́ ìpàdé.

"Kí wọ́n pa wá tán ná," ni Ìyá Ẹlẹ́tù dáhùn, "ká wá lọ ṣe Sínọ́ọ̀dù náà lọ́run. Gbogbo páríìṣì á ti pé síbẹ̀."

Ásídíkìnì Òkè yíjú sí i lọ́ra. "Obìnrin yìí, ta ló fún ọ láyè láti sọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀? Ìwọ tí o kì í jẹ Oúnjẹ Olúwa."

"Ẹ̀tù mi ló fún mi láyè, Bàbá. Tí ẹ ò bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ."

Kò sẹ́ni tó ní kó gbé e lọ. Ìpàdé tú ká báyìí, wọn kò parí ohunkóhun, àyàfi pé Ásídíkìnì Odò gba àdúrà ìparí kí èkejì tó ríbi la ẹnu.

Ìyá Ẹlẹ́tù tẹ̀lé Olójú-Kan jáde sí àárín àga ìjọ. Obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ ti kún ibẹ̀, wọ́n sùn sórí àga, sórí ilẹ̀, sí abẹ́ àga ìwàásù. Ó fa aṣọ Ọ̀gágun náà.

"Gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àwọn òpònú yẹn," ló wí.

"Màmá, mi ò lè ṣe é." Olójú-Kan fọwọ́ kan idà ìdí rẹ̀. "Níwájú Bíṣọ́ọ̀bù tó kú ni mo ti gba èyí. Mo fọwọ́ lé Bíbélì, mo búra pé ọwọ́ mi ò ní kan àlùfáà nínú ilé yìí títí mo fi máa kú. Ìyẹn nìkan sì kọ́. Ẹ wo àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ́ kù fún mi. Ìdajì wọn jẹ́ ará Òkè, ìdajì jẹ́ ará Odò. Tí mo bá fọwọ́ kan bàbá ẹgbẹ́ kan, wọ́n á yọ idà sí ara wọn kí ọ̀tá tó dé."

"Ẹ fọ́ ilẹ̀kùn náà nígbà náà."

"Kí la ó wá fi dí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn tí àwọn ọmọ yẹn bá wọlé? Ẹnu tiyín?"

Lọ́jọ́ mìíràn, Ìyá Ẹlẹ́tù ìbá ti rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àgbá ẹ̀tù rẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì ń bínú pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó ti rí olè rí, ó ti rí apànìyàn tó wá ra ẹ̀tù ní fífarasin, ṣùgbọ́n kò tíì rí irú àwọn méjì yìí. Olè mọ ohun tó ń wá. Kí ni àwọn wọ̀nyí ń wá? Dáyọ́sìsì wo ni wọ́n fẹ́ jẹ olórí rẹ̀ tí gbogbo wa bá kú tán? Bó ṣe ń rò ó báyìí, ó rántí bó ṣe máa ń ta ọjà fún oníbàárà agbéraga: a máa ń sọ fún un pé aládùúgbò rẹ̀ ti gbà pé ó lọ́lá ju òun lọ. Kì í bèèrè nǹkan kan mọ́. Ó dìde.

Ásídíkìnì Òkè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìwàásù, ó ń ka Ìwé Àdúrà. Ìyá Ẹlẹ́tù kúnlẹ̀, ohun tí kò ṣe fún un rí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n rán mi sí yín. Ásídíkìnì Odò pè mí sẹ́yìn òpó. Ó ní òun ti rò ó wò, ẹ̀yin ni àgbà. Ó ní kí ẹ kọ́kọ́ ki tiyín, òun á tẹ̀lé yín. Ojú ló ń tì í láti sọ ọ́ níṣojú èèyàn."

Ojú Ásídíkìnì Òkè tàn. Ó pa ìwé dé. "Ṣé ó sunkún?"

"Ó sun ún, Bàbá."

"Púpọ̀?"

Ìyá Ẹlẹ́tù gbójú sókè, ó rí i pé ọkùnrin náà ń bèèrè lóòótọ́. "Ó fi apá aṣọ nu ojú," ló wí.

"Ṣé o lè búra?"

"Kí ẹ̀tù jó mi bí mo bá purọ́." Ẹ̀tù ti jó o tẹ́lẹ̀, kò sì rí ohun tó tún kù tí yóò fi òun ṣe.

Ó lọ bá Ásídíkìnì Odò, ó kúnlẹ̀, ó pa irọ́ kan náà fún un. Òun kò bèèrè ẹkún. "Mo mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì wú bí búrẹ́dì. "Ṣé yóò forí balẹ̀ fún mi?"

"Ó ní kí ẹ má jẹ́ kí òun ṣe é lójú gbogbo ìjọ."

"Ojú gbogbo ìjọ gan-an ni yóò ti ṣe é."

"Èéfín!" Ẹni tó wà lójú fèrèsé ló pariwo. "Èéfín ilé oníbodè! Wọ́n ti ń bọ̀!"

Ìyá Ẹlẹ́tù fò dìde. Ó sáré dé ojú fèrèsé. Èéfín dúdú ń gòkè láti etí odò, ó sì rí àwọn èèyàn kéékèèké tó ń sá bọ̀ lórí títì, wọ́n ń dúró, wọ́n ń yìnbọn sẹ́yìn, wọ́n tún ń sá. Ó kígbe sí àwọn Ásídíkìnì. "Ó yá o! Ẹ̀yin bàbá, ó yá, ẹ bọ́ síbi ilẹ̀kùn!"

Wọn ò bọ́ síbi kankan. Wọ́n ti wọ yàrá ìmúra lọ.

"Ilẹ̀kùn ńlá kì í ṣe ilẹ̀kùn ilé ìdáná," ni Ásídíkìnì Òkè ń wí bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ funfun kọ́ ọ lọ́rùn. "Wọn kì í ṣí i láìtò lọ́wọ̀ọ́wọ́. Kí ẹni tó ń gbé àgbélébùú bọ́ síwájú. Kí akọrin tẹ̀lé e. Ẹ bá mi wá ọ̀já aláwọ̀ àlùkò, kì í ṣe èyí, èyí tó lẹ́tí wúrà." Ásídíkìnì Odò náà ń bèèrè fún tirẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́tù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń di bọ́tìnnì, ó sì wù ú kó da ẹ̀tù sí àárín wọn kó ṣáná sí i.

Wọ́n wá tò jáde, orin bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́ pátápátá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ Ìjọ Áńgílíkà rí mọ̀ pé nígbà tí a bá tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, ẹni tó kéré jù ló ń ṣáájú, ẹni tó ga jù ló ń kẹ́yìn. Ásídíkìnì méjèèjì sì mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ásídíkìnì Òkè gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró, kí èkejì lè kọjá. Ásídíkìnì Odò bẹ̀rẹ̀, ó ń tún okùn bàtà rẹ̀ so. Òkè wá rí òpó kan tó ní láti dúró ti kó gbàdúrà. Odò bá wúkọ́, ó sì wú u fún ìgbà pípẹ́. Òkè ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n so òkúta mọ́. Odò kàn ń tẹ ojú kan náà. Àgbélébùú ti dé ilẹ̀kùn. Akọrin ti dé ibẹ̀, orin tán, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, ojú wọn ń wo ẹ̀yìn. Àwọn bàbá kò tíì dé àárín ilé.

Ìbọn dún nítòsí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lu ilẹ̀kùn láti ìta.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn! Àwa ni!" Ohùn Alágogo ni, ọkùnrin tó ń lu agogo Kàtídírà, tó sì fi okùn agogo sílẹ̀ láti lọ bá Àrá dúró létí afárá. "Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run!"

Ohùn Àrá tẹ̀lé e, ó ti há. "Ìyá mi! Ẹ̀tù ti tán!"

Nínú ilé, Ásídíkìnì Òkè na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń ṣàlejò. "Arákùnrin mi, máa ṣáájú."

"Kí n máa ṣáájú kẹ̀? Ìwọ tí o ránṣẹ́ sí mi pé èmi ni àgbà?"

"Èmi? Ìwọ lo ránṣẹ́ sí mi! O tilẹ̀ sunkún!"

"Ta ló sunkún?"

Wọ́n jọ yíjú sí Ìyá Ẹlẹ́tù.

"Irọ́ ni mo pa fún ẹ̀yin méjèèjì," ló wí. "Ẹ wò ó bí ẹ ṣe gbà á gbọ́ kíákíá!"

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn, nítorí wọ́n ti bọ́ ọ kúrò lọ́rùn fún ìsìn ìṣílẹ̀kùn. Ìyá Ẹlẹ́tù já ti Ásídíkìnì Odò gbà kí ó tó ríbi wúkọ́. Ásídíkìnì Òkè gbé tirẹ̀ sókè, ó sì ga. Ìyá Ẹlẹ́tù di irùngbọ̀n rẹ̀ mú, ó fà á wálẹ̀ títí kọ́kọ́rọ́ fi tó o lọ́wọ́.

"Ọ̀gágun!" ni ọmọ ogun kan kígbe. "Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe fún Bàbá!"

Olójú-Kan ti di ojú rẹ̀. "Mi ò rí nǹkan kan," ló wí. "Ojú kan ni mo ní, ó sì ti di." Nítorí pé bàbá méjèèjì ni ìyà náà kàn, kò sí ẹgbẹ́ tó rí ìdí láti bá èkejì jà. Ẹnì kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ẹlẹ́tù ti àwọn akọrin sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki kọ́kọ́rọ́ méjèèjì bọ ojú wọn, ó yí wọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fi gbogbo ara rẹ̀ yí i. Ìpẹtà ti mú un. Ó kígbe, ó tún yí i, ó sì gbọ́ bí irin náà ṣe já sílẹ̀. Olójú-Kan àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fa ilẹ̀kùn, ìmọ́lẹ̀ sì ya wọlé.

Àwọn ará afárá rọ́ wọlé, wọ́n ń ṣubú lé ara wọn lórí, ojú wọn dúdú fún èéfín. Ìyá Ẹlẹ́tù ń wo ojú kọ̀ọ̀kan, kò rí ti ọmọ rẹ̀. Àrá ṣì wà lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú Alágogo, àwọn méjèèjì ti kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn, wọ́n ń fi ìdí ìbọn tó ti ṣófo lu ẹni tó bá sún mọ́ wọn. Nígbà tí gbogbo ẹni tó kù ti wọlé tán ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn bọ̀. Ọta kan ba Alágogo lórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn. Àrá di ìgbànú rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ wọlé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, Ìyá Ẹlẹ́tù sì yí kọ́kọ́rọ́ padà.

"Àrá!" ni Olójú-Kan kígbe. "Àrá tí í sán lójú ọ̀sán! Ọmọ obìnrin tó ń fi iná ṣan ọwọ́! Gba ẹ̀tù, bọ́ sójú fèrèsé!"

Ìjà náà kò pẹ́. Àwọn ọ̀tá ti sáré tẹ̀lé wọn gun òkè láìbojúwẹ̀yìn, wọ́n rò pé ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Ìbọn ojú fèrèsé bá wọn lórí títì gbalaja. Wọ́n sá padà lọ sétí odò, wọ́n fi òkú wọn sílẹ̀. Àrá fi ìbọn ti ògiri, èjìká rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì jókòó wọ̀ọ̀ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ya aṣọ orí rẹ̀, ó ń dì í fún un. Ó kàn ń gbá a létí díẹ̀díẹ̀, ó ń sunkún, ó tún ń gbá a.

"Alágogo ńkọ́?" ni Àrá bèèrè.

Ó ti kú. Ó nà sílẹ̀ níbi tí wọ́n wọ́ ọ dé, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìka ọwọ́ rẹ̀ ti bó níbi tó ti ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu igi. Wọ́n gbọ́ ẹ̀ṣẹ́ yẹn nínú ilé, gbogbo wọn gbọ́ ọ. Àkókò tí àwọn bàbá fi ń tún bàtà so ni wọ́n fi pa á.

Àwọn Ásídíkìnì ti sún mọ́ ibẹ̀, aṣọ wọn ṣì pé lára. Ìyá Ẹlẹ́tù rò pé wọ́n fẹ́ gbàdúrà fún òkú. Ásídíkìnì Odò wúkọ́.

"Obìnrin yìí," ló wí, "ó ṣe pàtàkì ká mọ̀ ọ́n. Kọ́kọ́rọ́ ta lo kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ásídíkìnì Òkè wí. "Rò ó dáadáa kí o tó dáhùn."

Ìyá Ẹlẹ́tù fi apá aṣọ nu ojú, ó dìde, ó sì wò wọ́n láti orí dé bàtà.

"Èmi ni mo kì í bọ̀ ọ́," ló wí. "Èmi, ẹlẹ́tù. Ilẹ̀kùn sì ṣí. Òfin yín ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni gbogbo dáyọ́sìsì yóò máa gbọ́ tirẹ̀. Àbí òfin ti yí padà?"

"Ẹ̀gbin ni ìyẹn!" ni Ásídíkìnì Òkè wí. "Kì í tilẹ̀ jẹ Oúnjẹ Olúwa!"

Olójú-Kan yọ idà rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ Ìyá Ẹlẹ́tù. "Lọ́jọ́ tí mo gba èyí, mo tún búra láti gbọ́ ti ẹni tí òfin bá fi ṣe olórí," ló wí, kò sì rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ogun Òkè wo àwọn ti Odò. Ọ̀kan nínú wọn tẹ́ idà tirẹ̀ náà, ọ̀kan lápá kejì ṣe bẹ́ẹ̀, títí kò fi ku ẹyọ kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ó dáa," ni Ìyá Ẹlẹ́tù wí. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbé Alágogo yìí kúrò lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ gbé e lọ síwájú pẹpẹ."

Àwọn bàbá wo ara wọn. Wọ́n wo òkú náà. Ásídíkìnì Òkè tún ọ̀já àlùkò rẹ̀ ṣe.

"Èwo nínú wa," ló bèèrè, "ni yóò gbé ìhà orí?"

Èébú dé ẹnu Ìyá Ẹlẹ́tù, èyí tó le jù nínú gbogbo èyí tó mọ̀. Ó wò wọ́n, kò rí ẹni tó yẹ kó bú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ rẹ̀ tí iná ti jó bọ abẹ́ orí Alágogo, ó gbé e lé apá.

"Èmi ni yóò gbé orí," ló wí. "Ẹ̀yin, ẹsẹ̀ kan ẹnìkọ̀ọ̀kan."

Ásídíkìnì méjèèjì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì sì nawọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún.